Ẹ dojú agbárí délẹ̀ ná

Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbárí, kó kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn bí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ yàrá tí a kó eegun sí. Iwájú ni gbogbo wọn máa ń tẹjú mọ́: kòtò ojú méjèèjì, ihò imú, eyín tó yọ síta. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba àwọn kan, ibẹ̀ náà làwọn mìíràn ti ń ṣẹ̀fẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa hàn lójú wọn. Ṣùgbọ́n iwájú agbárí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sọ. Abẹ́ rẹ̀, níbi tó ti jókòó lé ọrùn, ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹ bá yí i padà, ihò lẹ máa rí. Ọ̀kan tóbi láàárín, àwọn kéékèèké pọ̀ yí i ká. Òmíràn yípo, òmíràn rí gbágungbàgun, òmíràn kéré débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní rí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà lásán. Gbogbo ohun tó ń wọ inú orí àti gbogbo ohun tó ń jáde níbẹ̀, ihò ló ń gbà: ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ bọ́ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀, iṣan ìríran, iṣan tó ń mú ojú ṣẹ́, iṣan tó ń yí ahọ́n. Ohun tí ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí fi yé mi ni pé ẹni tó bá kọ́ ihò kì í gbàgbé eegun. Ẹni tó há orúkọ eegun sórí, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló máa ń fi í sílẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ihò ńlá yẹn. Foramen magnum lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ìka méjì lè wọ inú rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ ni ìdí ọpọlọ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì di okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Lára èèyàn, abẹ́ agbárí gan-an ló wà, nítorí orí wa dúró ṣánṣán lórí ọrùn. Ẹ gbé agbárí ajá tàbí ti ẹṣin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tiwọn ti sún lọ sẹ́yìn, nítorí iwájú ọrùn ni orí wọn nà sí. Ihò yìí lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí sí bí ẹ̀dá kan ṣe ń dúró nígbà tó wà láàyè. Ní 1924, agbárí ọmọdé kan tó ti di òkúta, tí wọ́n rí ní Taung ní Gúúsù Áfíríkà, dé ọwọ́ Raymond Dart, onímọ̀ ẹ̀yà ara. Ọpọlọ rẹ̀ kéré bíi ti ọ̀bọ, àmọ́ ihò ńlá rẹ̀ ti wà níwájú ju ibi tí ti ọ̀bọ máa ń wà lọ. Ọ̀kan pàtàkì nìyẹn lára ohun tí Dart dì mú nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 1925 pé orí ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀dá yìí ń dúró lé. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà kò gbà fún un, ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò yìí, lọ́tùn-ún àti lósì, kókó dídán méjì wà tó jókòó sórí eegun ọrùn àkọ́kọ́. Ẹ mi orí yín sókè sódò: oríkèé yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá yí i sọ́tùn-ún sósì: iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sáàárín eegun ọrùn kìíní àti èkejì, níbi tí èèkàn eegun kékeré kan ti nà sókè láti ara èkejì, tí èkíní sì ń yí i po. Ẹ̀yìn èèkàn yẹn gan-an ni okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kìlọ̀ pé ẹni tó já bọ́ láti òkè tàbí tó fara gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ má fa orí rẹ̀, ẹ má gbé e jókòó tipátipá. Ẹ di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó dúró lójú kan títí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa dé.

Ohun èlò méjì ni mo máa ń mú wọ yàrá yẹn: tọ́ọ̀ṣì kékeré àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé tẹ̀. Agbárí tí a fi ń kọ́ni, wọ́n ti fi ayùn gé òkè rẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣí. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wáyà bọ ihò kan láti abẹ́, kó wá wo ibi tó máa yọ sí nínú. Bó bá mú ihò tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn ń gbà wọ orí, wáyà á lọ sókè díẹ̀, á sì há. Wọ́n á ní ihò náà ti dí. Kò dí. Ọ̀nà náà ló yà síwájú nínú eegun lójijì, ẹni tí kò bá tẹ wáyà rẹ̀ kò ní kọjá. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi yọ nínú orí, kò sí àwòrán tó tún fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà yẹn fún un mọ́. Ihò iṣan ìríran ló rọrùn jù: ẹ ti wáyà tààrà láti ẹ̀yìn kòtò ojú, inú orí lẹ bá a.

Tọ́ọ̀ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ agbárí, kí ẹ máa wo inú rẹ̀ láti òkè. Eegun tó yí inú etí ká á ṣókùnkùn biribiri, nítorí ó wà lára eegun tó le jù lọ ní gbogbo ara. Òkè kòtò ojú á mọ́lẹ̀ fírífírí. Láàárín iwájú, lókè imú, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ ní tó-tò-tó: eegun pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀ tó lu jára bí asẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán tó ń gbé òórùn gbà láti òkè imú wọ inú orí.

Bí ẹnì kan bá fi iwájú orí tàbí imú gbá nǹkan líle, eegun yìí lè sán, kí àwọn fọ́nrán náà já, kí ẹni náà má gbóòórùn mọ́. Nígbà mìíràn, omi mímọ́ gaara á máa kán níhò imú rẹ̀. Àwọn ará ilé á pè é ní ọ̀fìnkìn. Omi tó yí ọpọlọ ká ló ń jò, ibi tó sì gbà jáde ni kòkòrò àrùn lè gbà wọlé. A kì í ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fun imú, a kì í sì í ti rọ́bà kankan bọ ihò imú rẹ̀. Nínú gbogbo agbárí, eegun yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó fẹ́lẹ́, kò lẹ́wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fò ó.

Ẹ̀bátí ni mo máa ń pẹ́ lé jù. Ẹ wọn ìka méjì sókè láti orí eegun tó dábùú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ sún ìwọ̀n àtàǹpàkò kan sẹ́yìn kúrò ní ìpẹ̀kun kòtò ojú. Eegun mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀: ti iwájú orí, ti àtàrí, ti ẹ̀gbẹ́ etí, àti apá kan lára èyí tí wọ́n ń pè ní sphenoid. Agbárí fẹ́lẹ́ gan-an níbẹ̀. Ẹ wá wo inú rẹ̀ ní ọ̀kánkán ibi kan náà: ẹ máa rí ipa kan tó ya ẹ̀ka-ẹ̀ka lára eegun. Ẹ fi èékánná tọ̀ ọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ló fara ti ibẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni agbárí náà wà láàyè, títí ojú ibẹ̀ fi jin díẹ̀. Ihò kékeré kan lábẹ́ ló gbà wọlé, kíún ni orí wáyà mi fi máa ń wọ̀ ọ́.

Bí nǹkan bá gbá èèyàn ní ẹ̀bátí, tí eegun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí sán, ó lè gé òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa ya sáàárín eegun àti awọ tó bo ọpọlọ. Ohun tó mú un burú ni pé ẹni náà lè dákú díẹ̀, kó jí, kó jókòó, kó béèrè omi, kó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á máa bì, á máa tòògbé, ọmọlójú kan á fẹ̀ ju èkejì lọ. Ọpọlọ kò ní ibi tó máa sá sí, agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Bó bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, wọ́n á lu agbárí, wọ́n á tú ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń ti ibẹ̀ bọ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn kó sinmi, ó di ẹjọ́ mìíràn. Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí n tó di olùkọ́, láti ìgbà náà sì ni mi ò ti gba “ara mi le” lẹ́nu ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá lórí. Kó lọ fi ara han dókítà, kí ẹnì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Iye eegun ńkọ́? 22 ló para pọ̀ di agbárí: 8 yí ọpọlọ ká, 14 di ojú. Kò sí ìwé tí kò sí nínú rẹ̀, mi ò ní dá yín dúró níbẹ̀. Sphenoid nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n farabalẹ̀ fún, nítorí nínú àwọn 8 yẹn, òun ló fara kan gbogbo àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó wà, yóò mọ ibi tí olúkúlùkù wọn so mọ́.

Ojú ibi tí àwọn eegun òkè orí ti so pọ̀ kì í ṣe ìlà tààrà. Ó ń wọ́ lọ, ó ń wọ́ bọ̀, eyín ti ọ̀tún wọ inú àlàfo ti òsì, ohun tó sì mú un ṣòro láti fà ya nìyẹn. Lórí ọmọ tuntun, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo ṣì wà láàárín wọn, débi pé nígbà ìbímọ, eegun kan lè gun orí èkejì díẹ̀ kí orí lè rọ́nà gbà. Ìyá tó rí i pé orí ọmọ òun gùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní láti dààmú, ó máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tó ń lù lókè orí ọmọ, ni àlàfo tó tóbi jù. Èyí tó wà lẹ́yìn máa ń dí láàárín oṣù 2 sí 3, ti iwájú sì sábà máa ń dí láàárín oṣù 12 sí 18, nígbà mìíràn ó ń tó ọdún 2.

Àwọn òbí a máa bẹ̀rù àtifọwọ́ kan ibẹ̀. Awọ tó bò ó yi, ọwọ́ jẹ́jẹ́ kò lè pa á lára. Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n ni kó jìn wọlé nígbà tí ọmọ ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, torí omi ara ti ń tán nìyẹn. Bó bá sì wú sókè nígbà tí ọmọ kò sunkún, tí wọ́n gbé e dúró, tí ara rẹ̀ tún gbóná, ilé ìwòsàn ni, kò ní kó di ọ̀la. Ọmọ kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun, àmọ́ ibi tí eegun kò tíì dé yẹn ń sọ̀rọ̀ fún un.

Eegun tó gbẹ lórí tábìlì máa ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á rò pé bó ṣe rí nínú ara náà nìyẹn. Nítorí èyí, mo máa ń rẹ eegun adìẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì máa ń ju òmíràn síná títí á fi funfun. Èyí tó ti inú fínígà jáde á tẹ̀ kọdọrọ láìdá, nítorí kálísíọ́mù ti bá omi kíkan yẹn lọ. Èyí tó ti inú iná jáde ṣì dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á fọ́ yángá, nítorí iná ti jó fọ́nrán collagen inú rẹ̀. Kálísíọ́mù ló ń mú eegun le, fọ́nrán yìí ló ń mú un yi, ọ̀kan kò tó láìsí èkejì. Inú eegun àti eyín sì ni nǹkan bí 99 nínú 100 kálísíọ́mù ara wà.

Eegun alààyè ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń dun èèyàn, ó ń wó ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ ara rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń jẹ èyí tó ti gbó, àwọn mìíràn ń tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fi tuntun dí i. Lára àgbàlagbà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún. Iṣẹ́ tí a bá gbé lé eegun ló ń fi mọ ibi tó yẹ kó nípọn. Àwọn tó ń gbé òfuurufú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti gbé ẹrù ara, máa ń pàdánù nǹkan bí 1 sí 1.5 nínú 100 eegun ìbàdí wọn lóṣooṣù, bí wọn kò bá fi eré ìdárayá dí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí mi jù ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ihò náà ló sì tún sọ ọ́. Ní iwájú àgbọ̀n, lábẹ́ àwọn eyín kékeré méjì tó tẹ̀ lé eyín ajá, ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára ló ń gbà á jáde. Lára àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ pé, ihò yìí wà ní bí agbedeméjì àgbọ̀n. Ẹ wá mú àgbọ̀n ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká tán tipẹ́tipẹ́. Eegun tó gbé eyín dúró kò ríṣẹ́ ṣe mọ́, ara ti jẹ ẹ́ tán, àgbọ̀n ti tín-ín-rín, ihò náà sì wà létí òkè báyìí. Kì í ṣe ihò ló gòkè, eegun òkè rẹ̀ ló lọ. Nígbà tí arúgbó bá ní eyín àtọwọ́dá òun ń ta òun títí dé ètè, a máa ń fẹ́ rò pé àìfara dà ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí iṣan yẹn gan-an ni eyín náà ń tẹ̀. Mo máa ń gbé àgbọ̀n méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, mi ò kì í sọ nǹkan kan, títí ẹnì kan fi máa béèrè ìdí tí ihò fi yí ipò padà.

Àgbọ̀n yìí kan náà ló fi hàn pé ó yẹ ká máa fojú ara wa wo nǹkan. Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́ tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì, kọ́ni pé eegun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ èèyàn. Ara ẹranko ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀, apá méjì sì ni ti ajá lóòótọ́. Ó ju 1,000 ọdún lọ tí wọ́n fi ń tẹ̀lé e. Andreas Vesalius, tó ń kọ́ni ní Padua ní Ítálì, ló fi ìwé ńlá rẹ̀ ti 1543 tako ọ̀rọ̀ náà: ọ̀kan ṣoṣo ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ó to eegun odindi ọkùnrin kan jọ ní Basel ní Switzerland, ó sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun tó tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ tuntun ní méjì ní tòótọ́, inú ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń so pọ̀ ní iwájú àgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ eegun ìhà náà wà lára ohun tí ojú lè yanjú. Ìgbà mélòó la ti gbọ́ pé ti ọkùnrin fi ọ̀kan dín sí ti obìnrin? Ẹ kà á: méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, lára takọtabo.

Bí ẹ bá ń kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kan eegun gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe wúlò, ó dára fún kíkọ́ orúkọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ihò rẹ̀ jẹ́ àmì lásán tí kò lu já. Èèyàn ló ni eegun gidi, a kì í sì í fi ṣeré níbi tí mo bá wà. Kò sí fọ́tò, kò sí fìlà lórí agbárí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nígbà kan bóyá a mọ orúkọ ẹni tó ni èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Mo ní a ò mọ̀ ọ́n, ó sì rọra gbé e kalẹ̀, ó lọ fọwọ́.

Ara yín náà jẹ́ yàrá eegun. Nínú 206 eegun àgbàlagbà, 106 wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan, 27 nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ọwọ́ lọ, 26 nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ẹ fọwọ́ wá kókó tó wà lẹ́yìn etí yín. Ẹ tọ ojúgun yín sísàlẹ̀, ẹ ó rí i pé awọ nìkan ló bò ó. Ẹ rọra fi ìka méjì di òkè ọ̀fun mú lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ gbé itọ́ mì: eegun kékeré kan á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀. Hyoid ni, kò sí eegun mìíràn tó so mọ́, iṣan nìkan ló gbé e dúró.

Àwọn tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn ni mẹ́ta tó wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń gba ìró lọ́wọ́ awọ etí, tí wọ́n ń fi jíṣẹ́ sínú. Èyí tó kéré jù nínú wọn, stapes, gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 3, kò sì sí eegun tó kéré tó o nínú ara. Nínú agbárí tó ti gbẹ, wọ́n máa ń bọ́ jáde láti ihò etí láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹni tó bá ń kó agbárí sínú àpótí, kó fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ, kó sì wo aṣọ náà dáadáa kó tó gbọ̀n ọ́n dànù.